Ìyá Alábẹ́rẹ́ Kú sí Àárín Ilẹ̀kùn Méjì

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní ojúmọmọ, ìyá aránṣọ kan kú sí ẹnu ọ̀nà báǹkì ìlú wa. Kò kú sínú báǹkì, kò sì kú síta. Àárín ilẹ̀kùn gíláàsì méjì ló kú sí, nínú àpótí tóóró tí ẹnì kan ṣoṣo lè dúró sí, níbi tí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ti máa ń pa dé mọ́ ènìyàn lẹ́yìn kí ìkejì tó ṣí níwájú. Iná lọ. Ilẹ̀kùn méjèèjì kọ̀, wọn ò ṣí mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wò ó láti inú, àwọn ará ìlú ń wò ó láti ìta, òun náà sì ń wo gbogbo wọn títí ojú rẹ̀ fi dúró.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ẹkún, ẹkún ò wá. Mo jókòó, mo dìde, mo jẹun, oúnjẹ ò dùn, kò sì korò. Ìyàwó mi ní kí n lọ sùn, mo lọ sùn. Nígbà tó di àná, ó ní, "Ẹ kúkú kọ ọ́, ṣebí iṣẹ́ yín nìyẹn." Mo ń kọ ọ́ nìyí. Bí ọ̀rọ̀ mi bá tutù létí yín, ẹ má rò pé inú mi ló tutù. Ibi tí wọ́n bá ti gbá ènìyàn gan-an máa ń kọ́kọ́ kú tipiri ná, kó tó rántí pé ó yẹ kí òun dun ni.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ ni gbogbo ìlú ń pè é. Èmi ń pè é ní Ìyá, nítorí ògiri kan péré ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé wa, ògiri náà ò sì nípọn. Òun ló rán aṣọ tí mo kọ́kọ́ wọ lọ sílé ìwé. Ó fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ ṣòkòtò náà, ó ní, "Ọmọ yìí máa ga bí ìyá ẹ̀ ni, mi ò lè máa rán ṣòkòtò kan náà lọ́dọọdún." Mo ga lóòótọ́. Lọ́dọọdún ló ń tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà, tó ń kùn, tó sì ń rán an.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Báǹkì tí obìnrin yìí kú sí lẹ́nu ọ̀nà, ta ló dá a sílẹ̀? Bí ẹ bá wọlé síbẹ̀ lónìí, ẹ ó rí àwòrán ọkùnrin kan tó wọ kóòtù lára ògiri, wọ́n kọ "Olùdásílẹ̀" sísàlẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà ò tẹ ilẹ̀ ìlú wa rí. Kò mọ̀ bóyá òkè la wà ni tàbí ẹ̀bá odò. Kò mọ ẹni tó ru yanrìn tí wọ́n fi mọ ògiri tí wọ́n gbé òun kọ́. Èmi mọ̀ wọ́n. Ìyá mi wà lára wọn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí báǹkì nílùú yìí. Ẹni tó bá ní nǹkan ìpamọ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni tàbí inú àjà. Eku ń jẹ nínú rẹ̀, àna ń jẹ nínú rẹ̀, a ò sì mọ èyí tí eyín rẹ̀ mú jù. Ọdún kan wá wọlé, iná jó ilé ìyá oníbúrẹ́dì. Gbogbo ohun tí obìnrin náà ti fi ojú oorun kó jọ di eérú kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí oòrùn yọ, ó wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù Ìyá Alábẹ́rẹ́, páànù búrẹ́dì kan tó ti dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń kí i pé pẹ̀lẹ́.

Ìyá Alábẹ́rẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣìnnì. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́ yìí ti tó. Ẹ lọ bá mi pe káfíńtà. Ẹ pe alájórin. Ẹ pe tíṣà àgbà, kó gbé ojú rẹ̀ kúrò nínú ìwé, kó máa bọ̀."

Alájórin yẹn ni bàbá mi. Inú ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n jókòó sí, láàárín aṣọ tí wọ́n ti gé tí wọn ò tíì rán. Ìyá Alábẹ́rẹ́ ní ilé ìfowópamọ́ làwọn fẹ́ kọ́. Tíṣà àgbà mi orí, ó ní báǹkì kì í ṣe nǹkan tí irú àwọn lè dá sílẹ̀, pé àwọn tó kàwé jinlẹ̀ ní ìlú ńlá ló mọ̀ ọ́n.

"Tíṣà," ló bá dá a lóhùn, "ṣé ìwé ló ń ṣọ́ owó ni, àbí ènìyàn?"

Bàbá mi máa ń sọ pé ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí òun rí i tí tíṣà pàdánù ọ̀rọ̀, òun sì gbádùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Wọ́n kọ́ ọ. Àwọn obìnrin ru yanrìn láti odò, àwọn bíríkìlà ń fi ọjọ́ Sátidé wọn ṣiṣẹ́ láìgba nǹkan kan. Káfíńtà kan ilẹ̀kùn tó nípọn, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ṣí i láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó tì í. Bàbá mi ló jó àpótí irin tí wọ́n ń kó owó sí pọ̀, ó fi ojú kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta sí i, ẹni mẹ́ta ló sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́: òun, tíṣà àgbà, àti Ìyá Alábẹ́rẹ́. Bí ọ̀kan ò bá sí níbẹ̀, àpótí ò ní ṣí.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Bàbá mi àti tíṣà jà nígbà kan, mi ò mọ ohun tó fà á, àwọn náà ò sì rántí nígbà tí wọ́n darúgbó. Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni wọ́n ń pàdé níwájú àpótí irin yẹn, tí wọ́n ń yí kọ́kọ́rọ́, tí ọ̀kan kọjú sí ìlà-oòrùn, tí ìkejì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ìyá Alábẹ́rẹ́ á dúró láàárín.

"Tíṣà, alájórin ní ẹ káàárọ̀ o."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo gbọ́ ọ lójú ẹ̀. Alájórin, tíṣà ní ṣé dáadáa lẹ jí?"

"Ẹ sọ fún un pé mo jí dáadáa títí mo fi rí òun."

"Tíṣà, ó ní òun dúpẹ́."

Báyìí ló ṣe ń ṣe é títí ẹ̀rín fi parí ìjà náà. Báǹkì wa nìyẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín sí i bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí ẹni mẹ́ta wọ̀nyẹn fi tọ́jú rẹ̀, kò sí ẹni tó wá gba ohun tirẹ̀ tí wọ́n ní kó padà wá lọ́la, kò sì sí ẹni tó wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí kò jáde.

Ìyá mi ò lè kọ orúkọ ara rẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ nílùú nígbà náà, àwọn tó jẹ́ pé àtàǹpàkò ni wọ́n máa ń tẹ̀. Ìyá Alábẹ́rẹ́ ní ojú òun kọ́ ni ènìyàn á ti máa ki ìka bọ tàdáwà bí ọmọdé tó ń ki ìka bọ ọbẹ̀. Bó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, á ti ṣọ́ọ̀bù, á kó àwọn obìnrin jókòó, á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àjákù aṣọ dúdú àti ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ. Èmi náà máa ń wà níbẹ̀, mò ń bá wọn ṣa òwú tó já bọ́ sílẹ̀.

"Lẹ́tà ò yàtọ̀ sí ojú rírán," á máa wí. "O gòkè, o sọ̀kalẹ̀, o gba ẹ̀gbẹ́ padà. Bí kò bá gún, pa á rẹ́. Aṣọ ò ní bú ọ."

Ìyá mi tẹ ṣọ́ọ̀kì náà mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi kán. Ó kán òmíràn. Ìyá Alábẹ́rẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìyàwó alájórin, kí lo ń bẹ̀rù? Orúkọ tìẹ ni. Ta ló máa nà ọ́ nítorí ẹ̀?"

Lọ́jọ́ tí ìyá mi kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé níwájú fèrèsé báǹkì yẹn, ó fi ìborí bo ojú, ó sunkún. Lẹ́yìn náà, kò sinmi mọ́: ó kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri, sára garawa, sísàlẹ̀ àpótí ìjókòó bàbá mi. Bàbá mi ní òun ti ń bẹ̀rù àtisùn, kó má baà kọ ọ́ sí òun níwájú orí.

Ọkọ kan wá nígbà kan tó ń lu fèrèsé, ó ní kí wọ́n kó ohun tí ìyàwó òun fi pamọ́ fún òun, ṣebí òun ló fẹ́ ẹ. Ìyá Alábẹ́rẹ́ ò gbójú sókè nínú iṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ kú ìrìn. Ẹ lọ pè é wá, kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ níbí. Ìjókòó wà." Ọkùnrin náà jókòó títí, ó rí i pé òun nìkan lòun jókòó, ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

Irú ènìyàn tó kú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí wọ́n ṣe pa á. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí mo lò, mi ò ní pa á rẹ́.

Òfin dé láti òkè pé kí àwọn báǹkì kéékèèké darapọ̀ mọ́ àwọn ńlá. Àwọn kan wá láti ìlú ńlá, wọ́n kó wa jọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé, wọ́n fi ẹ̀rọ tan àwòrán sára ògiri. Wọ́n fi ilẹ̀kùn tuntun hàn wá, èyí tó ń mọ̀ bí irin bá wà lára ènìyàn. Ìyá Alábẹ́rẹ́ nawọ́ sókè.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ilẹ̀kùn yín yìí. Bí iná bá lọ, tí ènìyàn sì wà nínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ wà. Kọ́kọ́rọ́ pàjáwìrì náà sì wà."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Ó ti wà nínú ètò, Màmá."

Wọ́n fún un ní agbòjò kan tí wọ́n kọ orúkọ báǹkì sí, wọ́n yà á ní fọ́tò. Láàárín oṣù yẹn, ilẹ̀kùn káfíńtà ti wà lórí ààtàn. Wọ́n kó àwọn àga ìjókòó jáde, torí kí ènìyàn má baà pẹ́ níbẹ̀.

Kí ló wá gbé e débẹ̀ ní Ìṣẹ́gun yẹn? Ìka rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tí báǹkì fi ń ka ìlà ìka láti mọ oníbàárà ní òun ò rí ìlà kankan lórí ìka rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àti aṣọ ti fi gbogbo ayé rẹ̀ họ ọ́ dànù. Wọ́n ní kó wá fúnra rẹ̀, kó wá fi hàn pé òun lòun. Ó lọ fi hàn pé òun lòun, ní ilé tí òun ló ní kí wọ́n kọ́.

Mo lọ bá ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà nílé rẹ̀. Wọ́n ti ní kó lọ jókòó sílé ná. Orí àga kan ló wà, kò tan rédíò, kò ṣe nǹkan kan. Òun náà ò sunkún.

"Ẹ̀rọ ń ké pé irin wà lára wọn," ló wí. "Mo ní, Ìyá, ẹ gbé báàgì yín tì mí, àlùmọ́gàjí tó wà nínú ẹ̀ ló ń bá jà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àlùmọ́gàjí tó gé aṣọ ìgbéyàwó gbogbo yín lẹ wá ń sá fún. Wọ́n gbé e fún mi, wọ́n wọlé. Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé, iná lọ."

"Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́?"

"Epo ò sí. Ó ti pẹ́ tí epo ò ti sí. A ti bèèrè. Wọ́n ní ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì ẹnì kan ní ọ́fíìsì àgbà."

"Kọ́kọ́rọ́ pàjáwìrì?"

"Ọ́fíìsì àgbà náà ni."

Ó ní Ìyá kọ́kọ́ ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ìgbà tí ọmọ ènìyàn bá ṣe ohun tí a ti mọ̀ pé yóò ṣe. Oòrùn kọjú sí gíláàsì náà. Gbogbo ìlú mọ̀ pé èémí máa ń há sí i láyà, pé oògùn kan tó ń fọ́n sẹ́nu kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Ó na ìka sí báàgì.

"Mo ṣí i," ni ẹ̀ṣọ́ náà wí. "Mo rí oògùn yẹn. Mo gbé e sókè, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, òun ni. Oògùn wà lọ́wọ́ mi, wọ́n wà níwájú mi, bí mo ṣe súnmọ́ yín yìí. Mi ò ríbi tí mo lè gbà fi fún wọn."

Ó gbé àpótí ìjókòó láti fọ́ gíláàsì náà. Máníjà, tó wà nínú, na ọwọ́ méjèèjì sí i láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kejì. Ó pè é lórí fóònù. "Má fọ́ ọ o! O fẹ́ kí n wá dáhùn ẹ̀ ni? Mo ń pe ọ́fíìsì àgbà lọ́wọ́." Ó ń pè wọ́n lóòótọ́. Orin ni wọ́n ń kọ sí i létí. Wọ́n ní kó tẹ oókan bó bá fẹ́ yáwó, kó tẹ eéjì bó bá fẹ́ ṣí àkáǹtì. Èwo ni ó yẹ kó tẹ̀ bí ènìyàn bá ń kú lọ níwájú rẹ̀?

Ọkùnrin kan wà ní òdìkejì ọ̀nà tó ń lẹ táyà, Onítáyà la ń pè é. Ó rí èrò, ó rí fóònù tí wọ́n gbé sókè tí wọ́n fi ń ya fídíò. Ó mú irin tó fi ń tú táyà, ó sọdá.

"Kí lẹ ń dúró dè?"

Ẹnì kan ní, "Wọ́n ń pe ọ̀gá."

"Ọ̀gá ta ni?" Kò dúró gba èsì. Ó fọ́ ọ. Gíláàsì náà le, ó fi agbára lù ú léraléra, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìyá ti wà nílẹ̀ nígbà náà, ó ti jókòó ti ògiri gíláàsì bí ẹni tó ń sinmi. Onítáyà gbé e mọ́ra, ó sáré dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìwé. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó yọ ìborí ara rẹ̀, ó fi bò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, gíláàsì tuntun ti dé láti ìlú ńlá. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Epo ò rí ọkọ̀ wọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Kọ́kọ́rọ́ ò rí ọkọ̀ wọ̀. Gíláàsì rí ọkọ̀ wọ̀, ó sì yára.

Ọmọbìnrin Ìyá jókòó tì mí ní ilé ìwòsàn ní Ìṣẹ́gun yẹn, fóònù ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dún. Báǹkì ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. "Ẹ ṣeun tí ẹ bẹ̀ wá wò lónìí. Báwo lẹ ṣe gbádùn iṣẹ́ wa? Ẹ mú nọ́ńbà kan láti oókan dé aárùn-ún." Ó kà á, ó fún mi kà. A wo ara wa. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà wo ni kí n mú?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ jáde fún àwa oníròyìn: oníbàárà kan ṣe aláìsí "nítòsí" ilé iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ ò sì dúró. Nítòsí! Ó ṣe wọ́n láàánú gidigidi, wọ́n ní, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹyọ ọ̀kan nínú wọn tó wá síbi ìsìnkú. Orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn. Bóyá ẹ̀rọ wọn ò rí ìlà lára orúkọ náà pẹ̀lú.

Onítáyà wà lára àwọn tó gbé pósí. Àwọn ọlọ́pàá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ibojì. Wọ́n lójú àánú, wọ́n jẹ́ kó bu iyẹ̀pẹ̀ sí i tán, kó sì gbọn ọwọ́, kí wọ́n tó ní kó máa bọ̀. Wọ́n ní ó ba dúkìá báǹkì jẹ́. Nínú gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹnì kan ṣoṣo tó ṣe nǹkan kan nìkan ni òfin mọ ilé rẹ̀.

Lánàá Ọjọ́ Ajé, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Tíṣà àgbà, tó ti ń fi ọ̀pá rìn, dúró bí oníduùró fún un. Adájọ́ béèrè ẹni tó pe ẹjọ́.

Lọ́yà báǹkì dìde. "Báǹkì ni, Olúwa mi."

"Mo gbọ́. Ta ni báǹkì? Ta ló máa dúró síbí tí n óò bi léèrè ọ̀rọ̀?"

Lọ́yà ṣí ìwé síwá, ó ṣí i sẹ́yìn. Ó ní òun á padà lọ béèrè. Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú sí ọ̀sẹ̀ méjì, Onítáyà sì padà sí ìdí táyà rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé.

Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún ìtùnú, kí wọ́n má sì fi òdòdó ránṣẹ́ sí wa. Kí wọ́n jáwọ́ nínú ẹjọ́ Onítáyà. Kí wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ yẹn padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tú ilẹ̀kùn yẹn kúrò kó tó gbé ẹlòmíràn mì. Kí ìjọba jókòó ní gbangba, nílùú wa níbí, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ìwé epo wà lórí tábìlì rẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ, lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ máníjà kan láti bẹ̀rù ìbéèrè ọ̀gá ju ikú ìyá arúgbó lọ. Báǹkì ò bẹ̀rù. Báǹkì ò kú, báǹkì ò pa ènìyàn. Àwọn ènìyàn ló jókòó sínú rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe èyí tí kò yẹ, tí wọn kì í sì í ṣe èyí tó yẹ.

Ọjọ́ tí adájọ́ dá ń bọ̀. Gbogbo ìlú á wà níbẹ̀, àwọn obìnrin tí Ìyá kọ́ láti kọ orúkọ wọn á jókòó níwájú. Kí ẹnì kan láti ọ́fíìsì àgbà yẹn, ẹni tó lórúkọ, tó lẹ́sẹ̀, tí ìyá kan bí, wá dúró níwájú wọn, kó lanu, kó sọ pé: "Èmi ni."